Ọjọ́ Tí Mama Délé Fọ Ibojì Àlùfáà

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ní kí n kó yín lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ bí a ti máa ń ṣe nígbà kan. Tóyìn ló kọ́kọ́ bi mí lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí ẹ ń lò ní Nathan Way, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá lára wa débi pé a ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ara wa. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kó àwọn èèyàn lọ láyé ọjọ́un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwa náà lọ." Mo ní màá dá a lóhùn. Ìdáhùn mi nìyí, ṣùgbọ́n ó gùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn mí nínú ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò yìí. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe òótọ́. Mo fẹ́ kí orúkọ mi mọ́ kí n tó kú, kò sí ohun mìíràn tí mò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Woolwich fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹ ń pè ní Royal Arsenal Riverside lónìí, tí ẹ ti ń ya fọ́tò létí odò, ògiri gíga ló yí i ká nígbà tí a dé. Ilé iṣẹ́ ohun ìjà ni. A ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà lọ sọ́jà, a kì í bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Thamesmead ńkọ́? Kọnkéré tuntun ni, àti irà. Ẹṣin àwọn kan máa ń jẹko lẹ́yìn ilé wa, wọ́n á yọjú sí fèrèsé ilé ìdáná láàárọ̀ bí alábàágbé tó wá tọrọ iyọ̀. Yorùbá ò pọ̀. Bí mo bá rí obìnrin kan tó jọ ará ilé nínú bọ́ọ̀sì, màá bá a sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ, kí n ṣáà lè kí i. Lónìí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú gbogbo bọ́ọ̀sì, ẹ ò sì ní kí ara yín. Fóònù ló wà létí yín.

Ọmọ Áńgílíkà ni wá. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa nílé pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó yìí ni ìsìn wa ti wá. A dé, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, a bá àwọn arúgbó mélòó kan tí wọ́n jókòó jìnnà sí ara wọn bí ẹni tó jà. Lẹ́yìn ìsìn, kò sẹ́ni tó kí wa. Èmi tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ní Ìbàdàn, ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń gbá nígbà náà, kí wọ́n tó gbà mí láti máa kọ́ ọmọ wọn ní Plumstead. Mo rò ó pé bí àwọn alààyè ò bá fẹ́ rí wa, bóyá àwọn òkú á fẹ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin Yorùbá mélòó kan tó wà nínú ìjọ náà: ẹ jẹ́ ká máa lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àwọn tí wọ́n ti kọ́ kí àwọn babańlá wa tó gbọ́ orúkọ England rárá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn, irọ́ ni.

Sátidé kan lóṣù ni. Bọ̀dá Múfú ló ń wa ọkọ̀ wa. Ará Ìbàdàn ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kíkí ṣeré. Bọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń kó òṣìṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ló fi ń gbé wa. Bí a bá dé ibi tí à ń lọ, á wá igun kan lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, á ṣe àlùwàlá, á kírun tirẹ̀, á wá bá wa jẹun. Ó máa ń sọ pé òun ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ìrẹsì, dòdò àti ẹran díndín ló máa ń wà nínú kúlà, tíì wà nínú fúláàsì. Ta ló ní Sátidé nínú yín lónìí? Ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ẹ̀ ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn títí tí á fi gbé yín kọjá Woolwich. Mi ò bá yín wí. Mo kàn ń sọ pé àwa ní Sátidé, a sì mọ ohun tí a fi í ṣe.

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, abẹ́ ilẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ ni wọ́n sin àwọn òkú sí. Orúkọ wọn wà lára òkúta ilẹ̀. Òyìnbó á kàn tẹ̀ wọ́n kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Àwa ò lè ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú ń ti ẹnìkejì síwájú. Nígbà tó pẹ́, mo tẹ orúnkún wálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú, a fẹ́ kọjá." Àwọn tó kù ṣe bákan náà. Láti ọjọ́ yẹn, ó di àṣà wa. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí a wọ̀ tí a kò kọ́kọ́ kí àwọn tó sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá wá dé àárín, ẹnì kan á dá orin ìsìn kan, ẹsẹ kan ṣoṣo, ní Yorùbá, a ó sì gbè é. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí ohùn yẹn á fi tán lókè. Àwọn òkúta náà kì í tètè jẹ́ kí ohùn lọ. Ó máa ń rìn lọ síbi pẹpẹ, á padà, á gun àjà, á wá rọra kú. Lẹ́yìn náà la ó tó mí. Níbi tí ẹ ti ń jọ́sìn báyìí, páànù ni òrùlé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Orin máa ń pariwo níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, ó ti tán.

Mama Délé ni mo fẹ́ sọ fún yín. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, obìnrin gíga, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ìmọ́tótó ló fi ṣe ẹ̀sìn kejì. Kó tó jókòó sínú ọkọ̀, á fi aṣọ tó rin sí omi òògùn nu àga. Bó bá wá sílé rẹ, á fi ìka kan ra orí tábìlì, á wo ìka náà, á wá wo ìwọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ọwọ́ rẹ̀ dára, ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ bí ní àdúgbò yìí, òyìnbó àti dúdú. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ẹlòmíràn máa ṣe olórí níbi tí òun bá wà.

Ìlú kékeré kan wà ní Kent tí a ti bá àwọn alágogo níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Agogo wọn kò dà bíi tiwa nílé. Okùn ni wọ́n ń fà, agogo á yí lókè, okùn á tún sáré padà sókè fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè gbìyànjú, kó ṣáà jọ̀wọ́ okùn bí àwọn bá ti ní kó jọ̀wọ́. Mama Délé ní, "Èmi? Ohun tí mo bá dì mú, mi ò kì í jọ̀wọ́ ẹ̀." Ó fà á. Wọ́n ní kó jọ̀wọ́, kò jọ̀wọ́. Okùn gbé e nílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, gèlè rẹ̀ bọ́, bàtà kan já lulẹ̀. Àwọn alágogo dì í mú lẹ́sẹ̀ kó tó dé ibi tó burú. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Bọ̀dá Múfú gbọ́ ariwo, ó yọjú láti ìta, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ sọ Mama kalẹ̀, kò tíì tó àkókò àtilọ sọ́run."

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, a kì í lọ sọ́nà jíjìn. Àwókù ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tí kì í gbéyàwó, tó wà ní Abbey Wood la máa ń lọ, èyí tí wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ. Ẹ̀yin náà ti kọjá níbẹ̀, ẹ ò wò ó ni. Ògiri kúkúrú kúkúrú ló kù lórí koríko, igbó wà lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn sì lè rí Lọ́ńdọ̀nù lọ́ọ̀ọ́kán. Mama Délé ló yan ibi tí a ti ń jẹun, yàrá òkúta kan tí atẹ́gùn kì í dé. Ó ní ibẹ̀ ló mọ́ jù. Ọdún púpọ̀ la fi tẹ́ aṣọ síbẹ̀ tí a ń jẹ ẹ̀bà àti ẹja. Ìgbà tó yá ni mo ka àkọlé tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀: ilé ìyàgbẹ́ àwọn mọ́ńkì ni. Mo kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Mama Délé ò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà ní etí irà ní Kent. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síhìn-ín, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí a bá débẹ̀. Àgùntàn ló yí i ká, kò sí ilé kankan nítòsí. Bàbá òyìnbó kan ló ń tọ́jú rẹ̀, àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìsí òun níbẹ̀, nítorí wọ́n ti jí fìtílà ibẹ̀ gbé rí. Ní ọdún àkọ́kọ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà á máa wo ọwọ́ wa. Ní ọdún kejì, ó jókòó. Ó wá di ọjọ́ kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà lé mi lọ́wọ́, irin ńlá tó wúwo bí ọmọ odó, ó ní kí n máa mú un wá bí a bá ń bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fọkàn tán wa. Ó tọ́ka sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń kí wọn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Ní Woolwich, bí mo bá wọ ilé ìtajà, wọ́n á máa tẹ̀ lé mi kiri bóyá mo fẹ́ jalè. Bàbá yìí fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé Ọlọ́run tó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn ọba tí mo kọ́ nínú ìwé. Inú àpò mi ló máa ń wà. Mo máa ń fọwọ́ kàn án nínú bọ́ọ̀sì.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló fún wa. Ó ní àwọn nǹkan aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ewé tó ń hù lára àwọn òkúta ibojì níta, kí a má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Òkúta ibẹ̀ rọ̀, bí èèyàn bá ha á, lẹ́tà á bá a lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn mi gan-an ni Mama Délé jókòó sí. Ó ní, "Ìdọ̀tí lòyìnbó tún sọ di ọ̀ṣọ́ yìí." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló gbọ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ibojì kan wà bíi tábìlì. Àlùfáà kan ló wà níbẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sin ìjọ náà. Ibojì ọ̀hún ti dúdú, nǹkan ti hù bò ó. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe nílé: bí ọdún bá ń bọ̀, àwọn ọmọ á fọ ibojì bàbá wọn, wọ́n á kùn ún ní ẹfun tàbí ọ̀dà funfun. Bí ibojì bá dọ̀tí, ojú àwọn ọmọ ló ń tì. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ, Mama Délé á dúró níwájú èyí, á máa mi orí.

"Ṣé bàbá yìí ò bímọ ni?"

"Ó bímọ, Mama Délé. Àwọn náà ti kú."

"Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú tipẹ́."

"Kò wá sí ará ìjọ kankan? Àlùfáà Ọlọ́run! Wò ó bó ṣe rí. Bí ẹni tí wọ́n jù sílẹ̀."

"Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án, Mama Délé."

"Mo ti gbọ́," ló wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó gbé báàgì kan wá tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé oúnjẹ ni. Bàbá òyìnbó yẹn ní kí n wá gun ilé agogo pẹ̀lú òun, kí n wo igi tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí òrùlé. Mo tẹ̀ lé e. A pẹ́ díẹ̀ lókè. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ tí a jáde, ibojì náà funfun bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wa yí i ká, aṣọ wọn tutù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń retí kí a yìn wọ́n. Ọṣẹ wà nílẹ̀, kànìnkànìn wà, búrọ́ọ̀ṣì onírin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò náà wà. Omi tó ń ṣàn lórí koríko dà bí omi ẹfun. Mo wo ibi tí orúkọ àlùfáà náà wà. Orúkọ ò sí níbẹ̀ mọ́, ó kù díẹ̀ lára ọdún tó kú.

Bàbá náà ò pariwo. Ó bọ́ fìlà. Ó fi ìka wá orúkọ yẹn lára òkúta bí afọ́jú. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ta ló ní kí wọ́n ṣe é.

Mama Délé nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara, èyí tó fi ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, sọ fún un pé, "Olórí wa nìyẹn. A kì í ṣe ohunkóhun láìgba àṣẹ rẹ̀."

Bàbá náà yíjú sí mi. Ó na ọwọ́. Mo mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò mi, mo fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kó àwọn obìnrin náà débẹ̀. Bí mo bá ní èmi kọ́, àwọn ni mo gbé fún un, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì rò pé ìwà rere làwọn hù. Ìjà obìnrin dúdú níwájú òyìnbó ò sì wù mí. Mo dákẹ́, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Mo rò pé bí a bá délé, a ó yanjú rẹ̀ bí ará ilé.

A délé. Àlùfáà ìjọ wa ní Woolwich ti gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin wa, ó pè wá jọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀, tí kò sí òyìnbó kankan àfi àlùfáà ọ̀hún, Mama Délé dìde, ó ní èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, pé èmi ni mo pín iṣẹ́ náà. Mo ní irọ́ ni. Ó bi àwọn yòókù, "Ṣé irọ́ ni?" Gbogbo wọn ń wo bàtà wọn. Òun ló gba ọmọ wọn bí, ta ló fẹ́ jà pẹ̀lú rẹ̀? Bọ̀dá Múfú wà níta. Ó ní òun fẹ́ wọlé jẹ́rìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjọ ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo jáde.

"Antí, mo rí wọn. Àlùwàlá ni mò ń ṣe tí Mama fi wá gba bútà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ni. Bútà mi ni wọ́n fi ṣan bàbá àlùfáà yẹn!"

"Bọ̀dá Múfú, ẹ máa lọ sílé."

"Ṣé mo jẹ̀bi ni?"

"Ẹ ò jẹ̀bi."

Òun nìkan ló fẹ́ sọ òótọ́ fún mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, Mùsùlùmí, ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi í fún Mama Délé. Àga iwájú ọkọ̀ tí mo máa ń jókòó sí, òun ló jókòó síbẹ̀. Ohun tó ṣe pẹ̀lú rẹ̀ nìyí: ọkọ̀ á dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní kí òkú kankan, wọ́n á wá kọjá sí ilé ìtajà ńlá tó wà lójú ọ̀nà Kent títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó yá, wọn ò dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tó tún yá, gbogbo rẹ̀ parí. Mi ò bá wọn lọ rárá. Mò ń lọ sí Abbey Wood fúnra mi, mò ń jókòó lórí ògiri kúkúrú yẹn, mo sì ń dárin fún ara mi. Níta gbangba, ohùn kì í padà wá.

Àwọn èèyàn ti kú tán. Bàbá òyìnbó yẹn ti kú. Bọ̀dá Múfú ti kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn. Àwọn obìnrin ìjọ, àwọn mìíràn padà sílé, àwọn mìíràn wà nínú ilẹ̀ níbí. Mo ti rò pé ó ti parí síbẹ̀. Tóyìn ló tún gbé e dìde, láìmọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Tóyìn ti ń ṣiṣẹ́ ní Belvedere, gbogbo yín mọ̀. Ó ń sọ fún mi pé ìyá Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó ń da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú, pé á fi ìka ra tábìlì, á wo ìka, á wá wo ẹni tó gbé tíì wá. Mo ní, "Ó ga?" Ó ní, "Mọ́mì, orí àga onítáyà ló wà, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn." Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ ní oṣù tó kọjá.

Ó mọ̀ mí kí n tó jókòó.

"Ìwọ nìyí. O ti gbó."

"Ìwọ náà ò tún jẹ́ ọmọge mọ́."

"Wọn ò kì í fọ ife dáadáa níbí. Má mu tíì wọn."

"Mi ò wá mu tíì. Ìbéèrè kan ni mo wá bi ọ́. Ta ló ní kí wọ́n fọ ibojì yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ṣé tìtorí ẹ̀ lo ṣe wọ bọ́ọ̀sì? Èmi ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Kí ló dé tí o ní èmi ni?"

"Mi ò sọ fún òyìnbó pé ìwọ ni. Mo ní ìwọ lolórí. Ṣé ìwọ kọ́ lolórí ni?"

"Ní Woolwich ńkọ́?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Ní Woolwich, mo parọ́ mọ́ ọ. Ìwọ ni gbogbo wọn ń pè. Ìwọ lòyìnbó ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń gba ọmọ wọn bí lọ́sàn-án lóru, kò sẹ́ni tó fún èmi ní kọ́kọ́rọ́ ilé kankan rí."

Mo sọ ọ́ fún yín bó ti sọ ọ́. Ìdí tirẹ̀ nìyẹn. Kò tó mi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Mo pe Tóyìn wọlé. Mo ní, "Mama Délé, sọ ọ́ fún un." Tóyìn gbé abọ́ oúnjẹ dání, kò mọ ohun tí à ń sọ rárá. Mama Délé wò ó, ó ní, "Èmi ni mo fọ ibojì àlùfáà, kì í ṣe ìyá yìí. Ó sì mọ́ o! Bí wọ́n bá tún fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì, màá tún fọ̀ ọ́." Tóyìn ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ jẹun." Ohun tí mo ti ń retí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú nìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo tó gbọ́ ọ ni ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe dìde, Mama Délé di etí aṣọ mi mú. Ó ní òun gbọ́ pé a tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò, kí n mú òun dání lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní ọkọ̀ ti kún.

Tóyìn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ wo ló kún? A ò tíì rí ọkọ̀ háyà."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á sunkún o."

"Kí wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún."

Mo délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jókòó. Mo wá nọ́ńbà ṣọ́ọ̀ṣì etí irà náà, mo pè wọ́n. Obìnrin òyìnbó kan tí ohùn rẹ̀ kéré ló ń tọ́jú ibẹ̀ báyìí. Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo ní ìjọ wa ló ba ibojì àlùfáà yẹn jẹ́, àti pé wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn mí lọ́nà àìtọ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ba ohunkóhun jẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Gbogbo wọn níbẹ̀ gbà pé òjò ló jẹ ẹ́, òjò àti atẹ́gùn odò, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò.

Mo di fóònù mú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé ìtìjú yẹn kiri Woolwich, tí mo ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́jà kí n má bàa pàdé wọn, òjò ni wọ́n ń bínú sí níbẹ̀. Bàbá yẹn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó kú. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un pé òjò kọ́, Mama Délé ni. Ó ní kí n pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí òun lè máa sọ ọ́ bó ti yẹ. Mo pè é, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ àti ti ọkọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹni náà ṣì wà láyé, nítorí pé òun á fẹ́ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ó wà láyé dáadáa.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, màá kó yín lọ. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín, kí ẹ wá bàtà tí kò ní fi gìgísẹ̀ ha ilẹ̀. Màá kọ́ yín bí a ti ń kí àwọn tó sùn, kí ẹ tó tẹsẹ̀ wọlé. Tóyìn, ní ti ọkọ̀, wá èyí tó lè gbé àga onítáyà. Lọ sọ fún Mama Délé pé mo ní àyè ti yọ. Wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.